Granville Sharp: Alága tí Kì í Jókòó Lórí Àga

Nínú èdè wa, alága ni ẹni tí ó ni àga. Bí ìpàdé bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láàrin wa, ìbáà jẹ́ ti ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́, àga kan a máa wà tí ó tóbi ju àga yòókù lọ, gbogbo ojú a sì máa wo ẹni tí yóò gbà á. Ọ̀pọ̀ ìjà ni àga bẹ́ẹ̀ ti dá sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ ti tìtorí rẹ̀ di ọ̀tá, ẹgbẹ́ ti tìtorí rẹ̀ pín sí méjì, owó tí tẹrútọmọ dá sì ti tìtorí rẹ̀ di àwátì. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé yóò ṣe wá ní àǹfààní láti gbọ́ ìtàn ọkùnrin kan tí wọ́n fi jẹ alága ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ tí ó lókìkí jù lọ tí ó jà fún ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, tí ó sì lo nǹkan bí ogún ọdún nínú ipò náà tí kò fi àga ṣe nǹkan kan.

Granville Sharp ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ka ìwé ìtàn mọ orúkọ William Wilberforce dáadáa, nítorí òun ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí ẹni tí ń jó lójú agbo, kí ó rántí pé ẹnì kan ń lùlù. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá ìgbìmọ̀ tí mo ń wí yìí sílẹ̀, Wilberforce kò sí lára wọn. Oníṣòwò, oníbáǹkì àti òǹtẹ̀wé ni àwọn tí ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, àti akọ̀wé ìjọba kan tí ó ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Akọ̀wé yìí ni Granville Sharp.

ÌBẸ̀RẸ̀ AYÉ RẸ̀

Ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1735 ni a bí i ní ìlú Durham, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdílé àlùfáà ni ó ti wá. Baba rẹ̀ di ipò àlùfáà àgbà mú, baba baba rẹ̀ sì ti ṣe Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ìlú York. Ṣùgbọ́n ọmọ pọ̀ nínú ilé náà, ẹ̀kọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n sì ti gbé owó tán kí ó tó kan Granville. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 14, ní 1750, wọ́n rán an lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kí ó lọ kọ́ òwò aṣọ ọ̀gbọ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin ìjọ Quaker kan.

Ẹ̀yin olùkọ́ yóò gbádùn ohun tí ọmọ yìí ṣe nídìí òwò aṣọ. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń bá gbélé máa ń bá a jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, a sì máa sọ fún un pé àìgbọ́ èdè Gíríìkì ni kò jẹ́ kí ó rí òtítọ́. Granville kò bínú. Ó ra ìwé, ó sì kọ́ èdè Gíríìkì fún ara rẹ̀. Ẹlòmíràn, ọmọ Júù kan, tún sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà fún un nípa èdè Hébérù, ó sì kọ́ èyí náà. Láti ìgbà náà ni ìwà kan ti mọ́ ọn lára tí kò fi sílẹ̀ títí ó fi kú: bí ẹnikẹ́ni bá fi ìmọ̀ tí òun kò ní dí òun lọ́nà, yóò lọ wá ìmọ̀ náà.

Ní 1758 ó rí iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ohun ìjà, nínú ilé olódi àtijọ́ Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń pè ní Tower. Owó iṣẹ́ náà kò pọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tiwọn ti rí ṣe: William jẹ́ oníṣègùn tí ó lórúkọ, James sì ń ta irin. Àwọn ọmọ Sharp fẹ́ràn orin. Wọ́n a máa kó ohun èlò orin sínú ọkọ̀ kan lórí odò Thames, tọkùnrin tobìnrin wọn, wọn a sì máa ṣeré fún àwọn ọ̀rẹ́. Granville a máa fọn fèrè, a sì máa ta dùùrù. Kò gbéyàwó rí. Bí ohunkóhun kò bá ṣẹlẹ̀, ó dà bí ẹni pé báyìí ni ìgbésí ayé akọ̀wé náà ìbá ṣe parí, láàrin ìwé, orin àti ọ́fíìsì.

ỌMỌKÙNRIN TÍ WỌ́N NÀ

Ní 1765 ohun kan ṣẹlẹ̀. William a máa tọ́jú àwọn aláìní lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn rẹ̀ ní òpópónà Mincing Lane. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Granville lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì bá ọmọkùnrin adúláwọ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà tí kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún 16 tàbí 17 lọ. Ojú rẹ̀ ti wú débi pé kò ríran dáadáa, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Jonathan Strong ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀, lọ́yà kan láti erékùṣù Barbados tí ń jẹ́ David Lisle, ni ó fi ìdí ìbọn ìléwọ́ lù ú lórí títí ìbọn náà fi fọ́, tí ó sì lé e síta bí ẹni da ìdọ̀tí nù nígbà tí ó rí i pé kò wúlò fún òun mọ́.

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn St Bartholomew, ó sì lò ju oṣù mẹ́rin lọ níbẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, wọ́n bá a wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ olóògùn kan. Ọ̀rọ̀ náà parí lójú Granville. Ó ti ṣe oore, ó sì ti gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ní 1767, Lisle rí Strong ní ìgboro. Ó rí i pé ẹni tí òun jù nù ti tún sanra, ó sì lè di owó. Ó tà á fún ọkùnrin kan láti Jamaica ní £30, ó sì jẹ́ kí wọ́n tì í mọ́lé títí ọkọ̀ yóò fi ṣí. Láti inú àtìmọ́lé ni Strong ti ránṣẹ́ sí Granville Sharp. Ẹ jẹ́ kí a ṣe àkíyèsí èyí: ọmọ náà ni ó kọ́kọ́ pe ẹni tí yóò gbà á. Bí kò bá ránṣẹ́, a kò bá má ti gbọ́ orúkọ Sharp lónìí.

Sharp gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Méyọ̀ ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1767. Méyọ̀ wí pé ọmọ náà kò jalè, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni, nítorí náà kí ó máa lọ. Ọ̀gá ọkọ̀ tí ó fẹ́ gbé e lọ fà á lọ́wọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Sharp sọ fún un pé bí kò bá fi í sílẹ̀, òun yóò pè é lẹ́jọ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Lisle bínú, ó ní kí Sharp jáde wá kí wọ́n fi ohun ìjà yanjú ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn ọlọ́lá ìgbà náà. Sharp dá a lóhùn pé ilé ẹjọ́ ni òun yóò ti pàdé rẹ̀.

Jonathan Strong kò pẹ́ láyé. Ìlùkilù náà ti bà á jẹ́. Ní 1773 ó kú, nígbà tí kò ì tíì ju nǹkan bí ọmọ ọdún 25 lọ.

AKỌ̀WÉ DI AMÒFIN

Wọ́n pe Sharp lẹ́jọ́ pé ó gba ohun ìní oníǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ bá àwọn lọ́yà. Àwọn lọ́yà sì fi ìwé kan hàn án tí àwọn amòfin ìjọba méjì, Yorke àti Talbot, ti kọ ní 1729, tí ó wí pé ẹrú tí ó bá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di òmìnira. Wọ́n ní kí ó lọ bẹ àwọn tí ó pè é lẹ́jọ́.

Sharp kò mọ òfin. Kò tíì ṣí ìwé òfin kan rí. Ṣùgbọ́n kò gbà pé òfin ilẹ̀ baba òun lè gba irú ìkà bẹ́ẹ̀ láyè. Fún ọdún méjì, bí ó bá ti kúrò ní ọ́fíìsì, inú ìwé òfin ni ó ń wọ̀. Ohun tí ó rí ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni àwọn amòfin méjèèjì sọ. Kò sí òfin kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, àwọn lọ́yà sì ń fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ síra wọn. Ẹ̀rù ba àwọn tí ó pè é lẹ́jọ́, wọ́n sì jáwọ́. Ní 1769 ó tẹ ìwé náà jáde. Ìwé àkọ́kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ ìjà ojúkojú sí òfin oko ẹrú láàrin ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ni.

Láti ìgbà yìí ni àwọn adúláwọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ti mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ní oṣù Kíní ọdún 1772, James Somerset kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀, Charles Stewart, ni ó mú un ti Amẹ́ríkà wá. Ó sá, wọ́n mú un, wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n dè é mọ́ inú ọkọ̀ Ann and Mary láti lọ tà á ní Jamaica. Àwọn tí ó ṣe baba àti ìyá ìsàmì fún un ni ó lọ gba ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n gbé e jáde wá síwájú adájọ́. Àwọn lọ́yà márùn-ún gba ẹjọ́ rẹ̀ rò láìgba owó. Sharp ni ó kó ìmọ̀ jọ fún wọn, ṣùgbọ́n kò yọjú sí ilé ẹjọ́, nítorí ó mọ̀ pé adájọ́ àgbà, Lord Mansfield, kò fẹ́ràn òun, kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun ba ti Somerset jẹ́.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1772, Mansfield dá ẹjọ́ pé kò sí òfin tí ó gbà kí ọ̀gá fi agbára gbé ẹrú rẹ̀ jáde kúrò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ tà á. Àwọn adúláwọ̀ tí ó wà ní ilé ẹjọ́ tẹríba fún àwọn adájọ́, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí a sọ ju bí ó ti rí lọ. Ìdájọ́ náà kò sọ gbogbo ẹrú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di òmìnira ní ọjọ́ kan, kò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ro oko ìrèké ní erékùṣù wọ̀nyẹn rárá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí wọ́n rò pé irin ni, Sharp ti fi hàn pé igi ni, igi náà sì ti jẹra.

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, ọ́fíìsì Sharp ni ó ń fi ohun ìjà ránṣẹ́. Ó rò pé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ni ó jàre. Kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé fún òmìnira kí ó sì fi ọwọ́ òsì di ẹrù ìbọn. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó gbà á sílé, tí wọ́n sì ń bọ́ ọ. Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹnì kan ló ń san án.

ỌKỌ̀ ZONG

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 1783, Olaudah Equiano, ọmọ ilẹ̀ Ìgbò tí ó ti fi owó ara rẹ̀ ra ara rẹ̀ padà, wá bá Sharp pẹ̀lú ìròyìn tí ó burú. Ní òpin ọdún 1781, àwọn atukọ̀ ọkọ̀ ẹrú kan tí ń jẹ́ Zong, ti àwọn oníṣòwò Liverpool, ju ènìyàn tí ó lé ní 130 sínú òkun láàyè. Wọ́n ní omi mímu ń tán lọ. Nígbà tí wọ́n padà délé, àwọn olówó ọkọ̀ ní kí àwọn adójútòfò san £30 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ẹrù rẹ̀ ṣòfò. Àwọn ìgbìmọ̀ ilé ẹjọ́ sì kọ́kọ́ dá wọn láre.

Nígbà tí wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Lord Mansfield, Sharp mú akọ̀wé kan lọ kí ó máa kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Ó hàn gbangba níbẹ̀ pé òjò ti rọ̀ kí wọ́n tó ju àwọn tí ó kẹ́yìn sínú omi. Mansfield ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà ṣe. Ẹjọ́ owó ni ó wà níwájú rẹ̀. Sharp ní ẹjọ́ ìpànìyàn ni. Ó kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ ojú omi, ó kọ̀wé sí olórí ìjọba. Kò sí ẹni tí wọ́n bi léèrè, kò sí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ. Òun ti jà fún ọdún 16 nígbà náà, ó sì lè gba ènìyàn kan tàbí méjì là nínú ọdún. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Zong kan ṣoṣo ti pa ju gbogbo iye tí ó lè gbà là ní gbogbo ayé rẹ̀ lọ. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

ÈNÌYÀN MÉJÌLÁ

Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1787, àwọn ọkùnrin méjìlá pàdé ní ilé ìtẹ̀wé James Phillips, ní ojúlé 2, George Yard, Lọ́ńdọ̀nù. Mẹ́sàn-án nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ Quaker, mẹ́ta jẹ́ ọmọ Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti fi òpin sí òwò ẹrú, wọ́n sì fi Granville Sharp ṣe alága. Samuel Hoare, oníbáǹkì, ni akápò. Wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí ènìyàn mẹ́ta bá pé, ìpàdé lè máa lọ. Kò sí ẹni tí ó gba kọ́bọ̀ nínú wọn fún jíjókòó níbẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni alága ti pàdánù nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè náà ni pé kí ni wọn yóò dojú kọ: ṣé òwò ẹrú nìkan ni, tàbí oko ẹrú pátápátá? Sharp dúró ṣinṣin pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ni méjèèjì, àti pé ìtìjú ni kí a bá ọ̀kan wí kí a sì dákẹ́ lórí èkejì. Àwọn yòókù ní bí àwọn bá fọwọ́ kan oko àwọn olówó, ilé aṣòfin kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn. Kí wọ́n gé gbòǹgbò ná, igi yóò rọ. Èrò tiwọn ni ó borí. Sharp sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ní gbangba, ṣùgbọ́n kò bínú jáde, kò dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó gbà láti darí iṣẹ́ tí ó mọ̀ pé kò tó. Ó yẹ kí a ronú lórí èyí pẹ́. Ta ni ó jàre? Òwò náà parí ní 1807, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà lóko ìrèké dúró títí di 1834 àti lẹ́yìn rẹ̀ kí òmìnira tó kàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ kú nínú ìdúró náà.

Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ kò ní ariwo. Wọ́n ń ka lẹ́tà, wọ́n ń dáhùn, wọ́n ń ṣírò owó, wọ́n ń tẹ orúkọ àwọn tí ó dá owó jáde kí gbogbo ayé lè rí i, wọ́n ń fi ìwé ránṣẹ́ sí ìlú dé ìlú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà láàrin wọn, Thomas Clarkson, ni wọ́n rán lọ sí Bristol àti Liverpool láti lọ gbọ́ tẹnu àwọn atukọ̀. Josiah Wedgwood, amọ̀kòkò olókìkí, bá wọn ṣe àwòrán ọmọ Áfíríkà tí ó kúnlẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n, ó sì di èdìdì ẹgbẹ́. Ní 1789 wọ́n tẹ àwòrán ọkọ̀ ẹrú Brookes jáde, tí ènìyàn 482 tẹ́ sínú rẹ̀ bí ẹja inú agolo. Ní 1792, ìwé ẹ̀bẹ̀ 519 ni ó dé ilé aṣòfin láti gbogbo ìlú.

Nípa àga, Clarkson ni ó jẹ́rìí sí i. Ó ní ju ìgbà 700 lọ ni òun àti Sharp jọ wà ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ńlá àti kékeré, àti pé bí ènìyàn kò tilẹ̀ pọ̀, ìdí ilé lọ́hùn-ún ni alága yìí ń lọ jókòó sí. Ẹlòmíràn ni yóò darí ìpàdé. Ó gbà kí wọ́n fi orúkọ òun sí ìsàlẹ̀ ìwé, nítorí orúkọ náà wúlò fún iṣẹ́; àga kò wúlò fún un.

Síbẹ̀, ojú wa kò gbọdọ̀ fọ́ sí àléébù ìgbìmọ̀ náà. Kò sí ọmọ Áfíríkà kan nínú àwọn méjìlá. Equiano àti Ottobah Cugoano wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń kọ̀wé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú, àwọn àti ẹgbẹ́ wọn a sì máa kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí Sharp. Ṣùgbọ́n wọn kò ní àga nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń pinnu ọ̀rọ̀ ìran wọn. Ọmọ Áfíríkà orí èdìdì náà sì wà lórí ìkúnlẹ̀. Àwa kì í ṣe aláìmoore, ṣùgbọ́n àwòrán tí àwa ìbá yà, ẹni tí ó dúró ni ìbá jẹ́.

ILÉ TÍ A KỌ́ LÁTI Ọ̀NÀ JÍJÌN

Ní Sierra Leone ni a ti rí bí ó ti ṣòro tó láti fi inú rere ṣàkóso ẹni tí a kò bá gbé. Sharp fẹ́ kí àwọn adúláwọ̀ tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ilẹ̀ tiwọn. Ó kọ òfin kan fún wọn: ìdílé mẹ́wàá yóò yan olórí kan, ọgọ́rùn-ún ìdílé yóò yan òmíràn, wọn yóò sì máa ṣe àkóso ara wọn, kò sì gbọdọ̀ sí ẹrú láàrin wọn. Ẹni tí ó bá mọ bí agbo ilé ṣe ń wà lábẹ́ baálé nílẹ̀ wa yóò rí i pé èrò náà kò burú.

Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó ṣí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Equiano, tí ìjọba fi ṣe alábòójútó oúnjẹ, fi ẹ̀sùn kan aṣojú tí ń náwó pé ó ń jẹ owó ìrìn àjò. Equiano ni wọ́n lé kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba padà san £50 fún un. Nǹkan bí 400 ènìyàn ni ó ṣí ní oṣù Kẹrin ọdún 1787. Ìgbà òjò ni wọ́n gúnlẹ̀. Ibà pa wọ́n lọ rẹpẹtẹ kí ọdún náà tó parí. Sharp ná owó ara rẹ̀, ó fi ọkọ̀ mìíràn ránṣẹ́ ní 1788, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà rí. Ní 1789, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin ọba Temne tí wọ́n ń pè ní King Jimmy àti ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó sun ìlú rẹ̀. Òun náà sì sun Granville Town, ìlú tí wọ́n fi orúkọ Sharp sọ.

Èyí tí ó dùn ún jù lọ kò sí nínú iná náà. Harry Demane, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kó lọ, ni ẹni tí Cugoano ti sáré wá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un ní 1786, tí Sharp sì gbà sílẹ̀ lórí ọkọ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ tà. Ìròyìn dé pé Demane ti di oníṣòwò ẹrú. Sharp kọ lẹ́tà ìbànújẹ́ sí àwọn ará ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò tìtorí ẹnì kan kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn.

Ní 1791 ilé iṣẹ́ oníṣòwò kan gba ilẹ̀ náà, Henry Thornton, oníbáǹkì, sì di olórí àwọn aláṣẹ rẹ̀. Òfin ìdílé mẹ́wàá ti Sharp wọ ìgbẹ́. Láti Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń yan gómìnà. Àwọn adúláwọ̀ tí ó lé ní 1,100 tí ó ti Nova Scotia wá ní 1792, tí wọ́n sì tẹ Freetown dó, rí i pé wọ́n ń béèrè ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣèlérí fún wọn ní ọ̀fẹ́. Ní 1800 wọ́n dìde, ilé iṣẹ́ náà sì fi ọmọ ogun tẹ̀ wọ́n rì. Bí a bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàrin ìgbìmọ̀ tí ń sin ènìyàn àti èyí tí ń jọba lórí wọn, ẹ jẹ́ kí a fi George Yard wé Freetown.

ÒPIN ÌRÌN ÀJÒ

Ìjà ilé aṣòfin gùn. Ní 1791 ìbò 163 sí 88 ni ó lù wọ́n bolẹ̀. Nígbà tí ogun ilẹ̀ Faransé dé, ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ òmìnira di ẹni tí wọ́n ń fura sí, ìgbìmọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má pàdé mọ́ fún ọdún púpọ̀. Ní 1804 wọ́n tún kó ara wọn jọ. Ní oṣù Kejì ọdún 1807, ìbò 283 sí 16 ni wọ́n fi borí, Ọba sì fi ọwọ́ sí òfin náà ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta. Sharp ti di ẹni ọdún 71. Wọ́n ní ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ nígbà tí ìròyìn kàn án.

Ó kú ní Fulham ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1813. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìrántí fún un sínú Westminster Abbey, níbi tí àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì sùn sí.

Àwa Yorùbá ní ìpín nínú ìtàn yìí. Lẹ́yìn òfin 1807, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkọ̀ ẹrú dúró lójú òkun, Freetown ni wọ́n sì ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822 wọ́n gba ọmọkùnrin kan láti Òṣoògùn, Àjàyí, tí ó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Láti Freetown ni àwọn Sàró ti padà sí Badagry, Abẹ́òkúta àti Èkó, tí wọ́n mú ìwé àti ilé ìtẹ̀wé wá. Ìlú tí Sharp kọ́ tì, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn baba ẹ̀kọ́ wa ti jáde.

Iṣẹ́ náà kò parí. Ní 1839 wọ́n dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti bá oko ẹrú jà káàkiri ayé, ó sì wà títí di òní pẹ̀lú orúkọ Anti-Slavery International. Títí di òní, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ ìtọ́jú àwọn ìgbìmọ̀ tí kì í gba owó oṣù, tí ń lọ sí ìpàdé lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn, tí ń yẹ ìwé owó wò, tí wọ́n sì ń dáhùn fún ohun gbogbo bí ó bá bàjẹ́. A kì í mọ orúkọ wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn òmìnira, ẹ sọ ti Wilberforce, ẹ má ṣe gbàgbé Equiano àti Cugoano. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún wọn pé ọkùnrin kan wà ní ìdí ilé lọ́hùn-ún, tí wọ́n fi jẹ alága, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì borí rẹ̀ nínú ìbò, tí ó sì tún padà wá ní ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ sì wà nínú ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn àti ẹgbẹ́ ìlú, nígbà tí ẹ bá dé ibi ìpàdé yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọn tí ẹ ń pinnu ọ̀rọ̀ wọn ní ibi ìjókòó níbẹ̀. Bí wọn kò bá ní, a ti mọ àga tí ó yẹ kí ẹnì kan dìde fún wọn.